Ẹ Wo Ọ̀nà Tí Ẹ Ń Rìn Kí Ẹ Tó Gba Káàdì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Láti ọdún 1981 tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú American Airlines ti dá ètò AAdvantage sílẹ̀, tí wọ́n ń fi máìlì, ìyẹn àmì-ẹ̀san tí a lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, san ẹ̀san fún oníbàárà tó ń wọ ọkọ̀ wọn déédéé, ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan káàdì ìrajà àwìn (credit card) tó ń fúnni ní irú máìlì bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀bùn ìkínikáàbọ̀ nìkan, láìbi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n sábà máa ń lọ.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì ni mo fi kó máìlì jọ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í ná ọ̀nà mi. Nígbà tí mo fẹ́ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, òdo ni mo bá nínú àkáǹtì mi, torí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Ó dùn mí wọra.

Ní tèmi, káàdì tí kì í gba owó ọdọọdún, tí kì í sì yọ owó lé ohun tí a bá rà nílẹ̀ òkèèrè, ló yẹ ẹni tó ń rìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Arìnrìn-àjò gidi ni ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bíi Star Alliance, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, máa ń wúlò fún, nítorí pé a lè fi máìlì tí a gbà lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan wọ ọkọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í san gbèsè káàdì rẹ̀ tán lóṣooṣù, kó má tilẹ̀ dá a lábàá, nítorí èlé yóò gbé ẹ̀bùn náà mì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣàlàyé àwọn òfin wẹ́wẹ́ inú irú ètò wọ̀nyí fún àwa òǹkàwé yín.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.