Ibo ni fáìlì yín ń lọ tẹ́ ẹ bá ti tẹ Save?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa fáìlì tó ń sọnù lórí kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ràn yẹn náà dáa, pé ká tẹ orúkọ fáìlì síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan ká sì máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wá fáìlì, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti kọjá wíwá, ibi tí áàpù tó fi ń kọ̀wé ń sévù nǹkan sí ló yẹ kó lọ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì débẹ̀ rí! A kàn máa tẹ Ctrl+S, a tẹ Enter, ó tán, àfi bíi pé kọ̀ǹpútà mọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Kò mọ nǹkan kan o. Lórí Windows, fèrèsé tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá fẹ́ sévù ìwé tuntun, fódà tẹ́ ẹ fi áàpù yẹn lò kẹ́yìn ló sábà máa ń ṣí. Ká ní inú fláàṣì ẹlòmíì lẹ ti ṣí fáìlì kan láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín lọ́sàn-án, ẹ ò wo òkè fèrèsé yẹn, ẹ ti tẹ Save, inú fláàṣì yẹn náà nìwé yín máa gbà lọ, ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà fólówó ẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú Documents yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ẹ sì lè máa bú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn o.

Ìdí nìyí tí mo fi gba ti Notepad++, áàpù kan tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù lórí Windows. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Preferences, ẹ wo Default Directory. Mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀: kó máa tẹ̀ lé fódà tí fáìlì tó wà níwájú yín wà, tàbí kó máa rántí èyí tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yan fódà kan pàtó. Àwọn tó ń kọ kóòdù, ti àkọ́kọ́ ló máa bá wọn lára mu, torí fáìlì iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀. Àmọ́ èèyàn tó ń kọ lẹ́tà, tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́, ìkẹta ni kó mú. Ti àárín yẹn, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀.

Àwọn áàpù yòókù náà ní tiwọn. Nínú LibreOffice, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Word ń ṣe, Tools, lẹ́yìn náà Options, lẹ́yìn náà Paths, ẹ ó rí My Documents níbẹ̀, ẹ yí i padà. Nínú Word, File, Options, Save, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Default local file location sí, kẹ́ ẹ sì máàkì Save to Computer by default, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lá kọ́kọ́ máa fà yín lọ. VS Code, táwọn tó ń kọ kóòdù ń lò, ní files.dialog.defaultPath nínú sẹ́tíǹgì ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò bá sí fódà tàbí fáìlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ló máa ń lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo Vim, tòun náà wà fún kíkọ kóòdù, ẹ tẹ :pwd kẹ́ ẹ tó sévù, á sọ fódà tẹ́ ẹ wà fún yín, ó tán.

Èwo wá ni ká yàn? Ẹ má yan Downloads, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́ tí àyè bá fún wọn. Ẹ má yan Program Files, fódà tí Windows ń kó áàpù sí, àgàgà tó bá jẹ́ áàpù àtijọ́ lẹ̀ ń lò. Látìgbà Windows Vista ní 2007, tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọ fáìlì síbẹ̀, Windows lè má sọ pé rárá, á kàn rọra gbé e lọ sínú fódà kan tó ń jẹ́ VirtualStore, nínú AppData tó fara pamọ́. Áàpù yẹn á máa rí fáìlì yẹn bíi pé Program Files ló wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ fojú ara yín wá a níbẹ̀, ẹ ò ní bá nǹkan kan. Inú Documents ni kẹ́ ẹ ti dá fódà kan sílẹ̀, kí orúkọ ẹ̀ kúrú, torí ọ̀pọ̀ áàpù Windows ló ṣì ń kọsẹ̀ tí ọ̀nà fáìlì, ìyẹn orúkọ gbogbo fódà tó wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ fáìlì fúnra ẹ̀, bá ti gùn kọjá 260 lẹ́tà.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti fáìlì tó bá ímeèlì wá. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á ṣí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ, á ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, á máa tẹ Ctrl+S lọ ràì, kọ̀ǹpútà ò ní bi í pé ibo ni kí n sévù ẹ̀ sí, torí fáìlì yẹn ti níbi tó wà tẹ́lẹ̀, inú fódà Temp, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀, sì ni lọ́pọ̀ ìgbà! Á pa á dé, á lọ sùn. Tó bá dọ̀la, á padà sínú ímeèlì, á ṣí i, á bá a bó ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn án. Sẹ́tíǹgì tí mo ń wí yìí ò lè gbà á nínú èyí o, torí ìwé tuntun nìyẹn wà fún. Ojú ló máa gbà á. Notepad++ máa ń kọ gbogbo ọ̀nà fáìlì sókè fèrèsé ẹ̀, ẹ kà á, tẹ́ ẹ bá ti rí Temp níbẹ̀, Save As lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹni tó bá yan fódà OneDrive, ibi tí Microsoft ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò burú, 5GB ni ti ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kó rántí pé ohun tó bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan ló máa pa rẹ́ lórí gbogbo ẹ̀. Lórí àkáǹtì tara ẹni, 30 ọjọ́ ló máa lò nínú Recycle Bin wọn kó tó lọ pátá.

Tó bá jẹ́ èèyàn méjì mẹ́ta ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, kí kálukú ní àkáǹtì tiẹ̀ lórí ẹ̀. Abẹ́ àkáǹtì yẹn ni sẹ́tíǹgì wọ̀nyí sábà máa ń wà, tẹ́nì kan bá yí tiẹ̀, kò kan ti ẹnì kejì. Ẹ bá mi fi èyí kún un tẹ́ ẹ bá tún kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.