Al-Biruni ni kí ẹ fi ṣáájú, kì í ṣe Leonardo

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn, Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Ọ̀rọ̀ kan ló ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́. Gbogbo ìgbà táwọn èèyàn bá ti ń jiyàn pé ta ni orí ẹ̀ pé jù láyé yìí nínú àwọn tó gbọ́ tibí gbọ́ tọ̀hún nínú ìmọ̀, Leonardo da Vinci ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á ní òun ló ya Mona Lisa, òun ló ya ẹ̀rọ tó ń fò kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má yìn ín, ó tọ́ sí i gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, Abu Rayhan al-Biruni, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ayé àtijọ́, ni màá fi ṣe nọ́ḿbà wáànù, mo sì fẹ́ káwọn òǹkàwé yín mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú Leonardo fúnra ẹ̀ wò. Ní 1452 ni wọ́n bí i nítòsí Florence ní Ítálì, àkọsílẹ̀ ẹ̀ tó ṣì wà dòní lé ní ojú ìwé 7,000. Ó sọ pé òun ti la òkú èèyàn tó lé ní 30 láti fi mọ bí inú ara ṣe rí, ó dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn, ó ya bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe máa ń yí po níbẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ ká rí kedere. Àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń kọ ọ́ láti ọ̀tún lọ sósì, ó ń kó o pamọ́, títí ó fi kú sí Amboise ní Faransé ní 1519, ó fi sílẹ̀ fún ọmọọ̀ṣẹ́ ẹ̀ Francesco Melzi, ìgbà tí Melzi náà sì kú ni ìwé náà fọ́n káàkiri. Nígbà tó fi máa di 1543, Vesalius, dókítà míì, ló tẹ ìwé nípa ara èèyàn, ìyẹn làwọn dókítà fi kọ́ṣẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó, torí àwọn aláìsàn wà láyé nígbà tí gbogbo ìmọ̀ yẹn wà nínú àpótí.

Ibn Sina, dókítà Mùsùlùmí ayé àtijọ́, ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ìtòsí Bukhara ni wọ́n ti bí i ní 980, ìwé ìṣègùn ẹ̀ dé èdè Látìn, yunifásítì ní Yúróòpù sì ń fi kọ́ọ̀yàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ẹ̀ ni èyí tó fẹnu ara ẹ̀ sọ, pé òun ka ìwé kan ti Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ní ìgbà 40, òun há a sórí, kò sì yé òun rárá, àfìgbà tí òun ra ìwé kékeré kan lọ́jà ní dírámù 3, owó fàdákà ìgbà yẹn, èyí tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Farabi fi ṣàlàyé ìwé náà, lójú ẹsẹ̀ ló yé òun, inú òun dùn débi pé òun ṣe sàárà fún àwọn aláìní lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀dọ̀ Ibn Sina yìí gan-an ni al-Biruni kọ lẹ́tà sí, tó ń bi í ní ìbéèrè lórí ohun tí Aristotle sọ nípa ọ̀run àti ayé. Ó bi í pé kí ló dé tí yìnyín fi ń léfòó lórí omi? Kí ló dé tí ìgò fi ń fọ́ tí omi inú ẹ̀ bá dì? Ṣé kò lè sí ayé míì yàtọ̀ sí tiwa ni? Ìdáhùn tó gbà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún kọ̀wé padà, Ibn Sina wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ òun dá a lóhùn. Aristotle tí gbogbo èèyàn ń tẹrí ba fún nígbà yẹn lẹ rí tó ń bi léèrè ọ̀rọ̀ yìí o.

Khwarezm ni wọ́n ti bí al-Biruni ní 973, ìyẹn ní Uzbekistan òde òní. Mahmud ọba Ghazna ṣẹ́gun ìlú ẹ̀ ní 1017, ó sì kó o lọ sí Ghazna ní Afghanistan. Nígbà tó wà ní Nandana, tó wà ní Pakistan báyìí, ó wọn gíga òkè kan, ó gun orí ẹ̀, ó wo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run, ó wọn bí ojú ṣe rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ó wá fi ìṣirò wá bí gbogbo ayé ṣe tóbi tó. Àwọn tó ṣe é ṣáájú ẹ̀ ní Baghdad, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ lọ, òun òkè kan ṣoṣo ló lò!

Èyí tó mú mi fi ṣe àkọ́kọ́ gan-an ni ti Íńdíà. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kó tó kọ́ èdè Sanskrit, ó jókòó ti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Híńdù, ó kọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ ọ́, Mùsùlùmí lòun o, kò sì fi ìwé náà bú wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé ogun Mahmud ba ilẹ̀ náà jẹ́, ó sọ àwọn èèyàn ibẹ̀ di eruku tí atẹ́gùn fọ́n ká, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìdílé Mahmud yìí náà ló ń gbé tó ti ń jẹun.

Àwọn kan á dárúkọ Thomas Young, dókítà tó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi, tó tún bá wọn ka òkúta Rosetta, òkúta àtijọ́ tí wọ́n kọ èdè Íjíbítì sí. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n Champollion, ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé, ló ka èdè Íjíbítì yẹn délẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ní kí ló dé tí a kì í fi í gbọ́ orúkọ al-Biruni, ẹjọ́ ẹ̀ kọ́. Òun kọ ìwé tiẹ̀ jáde, wọn ò kàn tú u sí Látìn bí wọ́n ṣe tú ti Ibn Sina ni, 1888 ni ìwé Íńdíà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èdè Òyìnbó. Olóòtú, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Àwọn tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa pọ̀ nílẹ̀ wa, Ìlọrin wà níbẹ̀, Ìbàdàn wà níbẹ̀, wọ́n lè tú u sí Yorùbá tààrà láìgba ọwọ́ Òyìnbó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ojú ìwé kan lóṣù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tó kọ sí Ibn Sina, torí ìbéèrè yìnyín yẹn, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lè kà á kó sì yé e.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Ìbàdàn.