Ẹ bá wa kọ nípa àwọn onímọ̀ ìṣirò náà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń múra JAMB, ó ní Mathematics lòun fẹ́ kà, ni ẹ̀gbọ́n mi bá fi igbe ta pé ṣé tíṣà ló fẹ́ lọ ṣe ni. Tíṣà máàsì lèmi náà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Gunnar Carlsson, onímọ̀ ìṣirò kan, fún yín. Stockholm ní Sweden ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1952, ó gba PhD ní Stanford l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, ibẹ̀ náà ló padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n sí. Topology niṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo ìrísí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá mú amọ̀, tẹ́ ẹ nà án, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ lọ́ ọ, tẹ́ ò ṣáà ti fà á ya tàbí kẹ́ ẹ lu ihò tuntun sí i, nǹkan kan náà ni lójú àwọn onítopology. Lọ́dún 1984 ó yanjú ìṣòro kan tí wọ́n ń pè ní Segal conjecture, iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ta ló máa rò ó pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ aláìsàn?

Ó débẹ̀ o. Dátà, ìyẹn àwọn ìsọfúnni tí wọ́n kó jọ, òun náà nírìísí tiẹ̀. Ẹ fi bírò to àmì tótòtó sórí pépà, ká ní ìsọfúnni kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fa róbótó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kẹ́ ẹ wá máa mú un fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi máa kan ara wọn, ihò tó bá pẹ́ láàárín wọn kó tó dí, ìyẹn gan-an ló ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, èyí tó bá dí kíákíá, ariwo lásán ni. Lọ́dún 2007 òun, Gurjeet Singh àti Facundo Mémoli gbé ọ̀nà míì jáde, Mapper, tó ń sọ dátà rẹpẹtẹ di àwòrán tójú lè rí. Òun, Monica Nicolau àti Arnold Levine wá fi í wo dátà jẹjẹrẹ ọmú tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó di 2011 wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn rí ọ̀wọ́ obìnrin kan tí jíìnì c-MYB pọ̀ nínú kókó wọn, ìkankan nínú wọn ò kú, jẹjẹrẹ náà ò sì ràn lọ síbòmíì lára wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti fọ́n wọn ká sáàárín àwọn tó kù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún irú àwọn èèyàn yìí ní ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn yín, lédè Yorùbá, kí àwọn ẹ̀gbọ́n wa lè kà á. Ọmọ mi ti fi Mathematics ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀, èmi ni mo sanwó ẹ̀.

Tíṣà máàsì kan, Òṣogbo