Sí ọmọ mi, nípa ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà

Adó-Èkìtì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ìwọ ni ẹbí yàn láti kọ ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà sínú ìwé ètò ìsìnkú. Inú mi dùn sí i. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, torí náà jẹ́ kí n tètè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún ọ. Àwọn tó mọ ohun tí o nílò á péjọ fún ìnáwó, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún ní lè rin ìrìn náà mọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ètò tí wọ́n ń pín lọ́wọ́ wa níbí, o lè yọ orúkọ òkú kúrò kí o fi ti ẹlòmíràn rọ́pò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀: onínúure ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn àlejò, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ o lè kà á tán kí o má rí Ìyá Àgbà níbẹ̀.

Ọjọ́ orí ni kí o kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí á sọ fún ọ pé wọ́n tó 105. Má bá a jiyàn, má sì kọ ọ́. Bí o bá rí 1 oṣù kìíní lórí káàdì ìdìbò wọn, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ máa ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ ni, bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nígbà tí wọ́n gbà á, torí ohun náà ló máa ń pinnu bóyá wọ́n fi ọdún kún un tàbí wọ́n yọ kúrò. Ìwé ìrìbọmi sàn jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìbọmi kọ́ ni ọjọ́ ìbí. Nínú àwọn tí ìsọjí Joseph Babalọlá kó wọlé ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní 1930, àwọn tó ti bímọ wà níbẹ̀.

Ohun tó dára ni kí o so ìgbà ayé wọn mọ́ ohun tí gbogbo ìlú rí, tí ọdún rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ọba Aládésànmí Kejì di Èwí ti Adó ní 1937. Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Òṣùpá bo oòrùn lójú ọ̀sán ní 20 oṣù karùn-ún 1947. Ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Wọ́n sin Babalọlá sí Ẹ̀fọ̀n ní 1959. Mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún ní 2 oṣù kẹrin 1972, náírà sì dé ní 1 oṣù kìíní 1973.

Má bi àgbà pé, “Ọdún wo ni?” Bi wọ́n pé, “Lọ́jọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, irú iṣẹ́ wo ni Ìyá Àgbà ti lè ṣe?” Bí wọ́n bá ní wọ́n ti ń pọnmi odò, wọ́n ti ń pọn àbúrò, ṣùgbọ́n ọmú wọn kò tíì yọ, ọmọ ọdún 8 sí 11 nìyẹn, a jẹ́ pé láàárín 1936 sí 1939 ni wọ́n bí wọn. Wá gba ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oyún àkọ́kọ́ bá ti wà nínú wọn nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 16 sí 19 ni wọ́n nígbà náà, ó sì bára mu. Kọ “nǹkan bí 1937” kí o sì dúró lé e. Ẹni tó bá pé 105 lónìí, abilékọ ni ì bá jẹ́ lọ́jọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn yẹn, kì í ṣe ọmọ tó ń pọnmi.

Orí ọ̀rọ̀ àkọ́bí ni ìṣirò yìí ti máa ń daṣẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwa tó wà láyé lè má jẹ́ àkọ́bí. Igbóná àti èèyi pa ọmọ púpọ̀ nígbà náà, wọn kì í sì í ka àwọn ọmọ náà mọ́ra bí wọ́n bá ń ka ọmọ. Àwọn ìyá ń fọ́mọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó tún lóyún. Nítorí náà, bí o bá rí àlàfo ọdún mẹ́fà láàárín ọmọ méjì, ó ní ohun tó wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé tó dàgbà jù ni kí o bi, jẹ́jẹ́, níbi tí kò ti sí ọkùnrin. Kí o sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tó lọ náà sílẹ̀, bí wọ́n bá rántí wọn.

Lọ sí ilé bàbá wọn ní Ìkọ̀lé kí o tó fọwọ́ kan oríkì rárá. Ní ìnáwó, àwọn akéwì máa ń ki obìnrin ní oríkì orílẹ̀ ọkọ rẹ̀, bóyá torí pé ilé ọkọ ló ń sanwó. Ilé bàbá wọn ni oríkì orílẹ̀ tiwọn ti wá. Bí o bá lè rí ti ìyá wọn kún un, a jẹ́ pé o ṣorí ire. Àwọn ìyàwó ilé ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù; ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin mọ̀. Má ka ìwé sí wọn létí pé ṣé bó ṣe rí nìyí. Jẹ́ kí wọ́n kì í bí wọ́n ṣe ń kì í, torí bí o bá dá wọn dúró láàárín méjì, ìyókù á bọ́ sọnù. Gbà á lẹ́nu èèyàn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí wọn kò bá ti dọ́gba, kọ méjèèjì sílẹ̀.

Má gbàgbé àwọn orúkọ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ọkọ wọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìyẹn ni a fi ní Akọ́wé, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú agbo ilé. Díẹ̀ nínú àwọn tí Ìyá Àgbà sọ lórúkọ ṣì wà láàyè. Bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìdí tó fi jẹ́ orúkọ náà. Lójú tèmi, kò sí ohun tó máa sún mọ́ ohùn Ìyá Àgbà bí èyí, torí ẹnu àwọn fúnra wọn ni ó ti jáde.

Fóònù rẹ tó fún gbígba ohùn. Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà já a. Gbé e lé aṣọ tí o ká, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tábìlì lásán máa ń gbé ariwo ọwọ́ sínú rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, sún un di ọjọ́ mìíràn. Òwúrọ̀ ló dára fún àgbà, ogójì ìṣẹ́jú sì ti tó. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, fẹnu sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà àti orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní Èkìtì, kọ ọ́ ní Èkìtì. Má bá wọn tún ẹnu wọn ṣe. Bí wọ́n bá ní sísì, kọ sísì, kí o tó fi kún un pé kọ́bọ̀ márùn-ún ló dà nígbà tí owó yí padà.

Lórí òwò wọn, “oníṣòwò ni wọ́n” kò tó. Irú ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Anti rẹ tó bá wọn ṣe é kẹ́yìn ni kí o bi, kí o sì mú kóńgò dání kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí “díẹ̀” tiwọn yàtọ̀ sí “díẹ̀” tìrẹ. Láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú ni hóró irú máa ń wà lórí iná, bíi wákàtí 12, kí èèpo rẹ̀ tó gbà láti bó. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ṣan èèpo dànù, wọ́n á tún sè é fún wákàtí kan sí méjì. Wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á dà á síbi tí wọ́n fi ewé tẹ́, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì fi aṣọ dì í kó máa móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Bí omi bá kù lára rẹ̀ jù, ó máa bàjẹ́. Bí òtútù bá wọ ibẹ̀, kò ní fà, kò sì ní rùn bó ṣe yẹ. Wọ́n máa ń fi kàn-ún sí irú pẹ̀tẹ̀ kó lè rọ̀. Bèèrè èyí tí wọ́n ń ṣe, ewé tí wọ́n ń lò, ọjà tí wọ́n ń ná, àti ẹni tó ń bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Ìpínrọ̀ kan péré ni gbogbo èyí máa gbà.

Ti fọ́tò kò pọ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, má ṣí i kúrò lára rẹ̀. Gbé e sí ibòji lẹ́bàá fèrèsé, kí o yà á láìtan iná fóònù. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, torí bírò máa ń yọ sí iwájú. Má fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp, ó máa sọ ọ́ di kékeré. Fi ránṣẹ́ bíi fáìlì.

Lọ́dọ̀ atẹ̀wé, bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì ló ń di ojú ewé mẹ́rin, torí náà 16, 20 tàbí 24 ni ìwé náà máa jẹ́. Bí tìrẹ bá jẹ́ 21, àwòrán òdòdó ni wọ́n máa fi dí mẹ́ta yòókù. Ọ̀rọ̀ bíi 700 tó fún ìtàn náà. PDF ni kí o fi ránṣẹ́, torí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì rẹ á gbé àmì ìsàlẹ̀ sọnù, ọkọ á di oko. Ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ló máa bá ọ jà.

Ìjà orogún, ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀: gba ohùn wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́ síta. Orúkọ àwọn orogún wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní tiwọn, pẹ̀lú ipò tí kálukú wà nígbà tí wọ́n wọlé.

Jẹ́ kí n rí ohun tí o kọ kí o tó fi han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kà á sókè fún olórí ẹbí, torí wọn kò ní ka bébà. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìkọ̀lé pé o ń bọ̀. Ra obì dání, kí o sì tètè dé kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ