Lẹ́tà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìrìn-àjò JSS 2 sí Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó sáà kejì.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn ọmọ JSS 2 ń kọ́ nípa rẹ̀ ní sáà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, a ó kó wọn lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú rẹ̀. Àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀ ni. Àwọn òbí kan ní kí a kúkú dé Ganvié, ìlú orí omi Nokoué, àti Ouidah. Ìyẹn á di sísùn lóde. A ò ní í ṣe é.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 10. Ẹni tó bá dúró títí ìrìn-àjò fi ku ọ̀la, ẹnubodè Sèmẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ á ti rí wàhálà. Kí orúkọ inú káàdì àti ti ìwé ìrìnnà bára mu: kí ọ̀kan má pe ọmọ ní Bọ́lá, kí èkejì pè é ní Bọ́láńlé. Ẹ fi lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí ẹ fọwọ́ sí kún un. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a ó gbà á kẹ́yìn. Owó séfà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Ẹ kó náírà wá sí ọ́fíìsì, a ó bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Yíya máàpù ni iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kẹta, etíkun ni wọ́n sì ti máa ń ṣì í. Láti òkun dé odò Ọya tó nǹkan bí 700 kìlómítà, ṣùgbọ́n etíkun kò ju nǹkan bí 120 lọ. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá dúró fún 50 kìlómítà, gígùn á jẹ́ 14, etíkun á jẹ́ 2.4 péré.

Ẹ bá wa sọ fún wọn pé Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe Ìbíní àwọn Ẹ̀dó. Dàhómì ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1960. Ní 1975 ni wọ́n mú orúkọ apá òkun iwájú wọn, Bight of Benin. Dàhómì jẹ́ orúkọ ìjọba àwọn Fọ̀n ní Agbómẹ̀ nìkan, ogun Dàhómì yìí kan náà ló sì fọ́ Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ní 1886. Ta ní fẹ́ kí ọmọ Kétu máa fi orúkọ náà yangàn?

Ní Àjàṣẹ́, wọn á rí ààfin Ọba Tòfà, ọba Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́, àti mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé, kọ́. Ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọgbọ́n ìkọ́lé Bahia ni wọ́n mú bọ̀ láti ọ̀hún. Bí àyè bá wà, ẹ mú ọmọ lọ sí Pópó Àgùdà l'Ékòó ṣáájú, kó ní ohun tí yóò fi wé e. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á mú ìborùn. Ẹ̀gùn àti Yorùbá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà àìgbọ́ Faransé kì í ṣe àwáwí fún ọmọ tí kò bá kí àgbà.

Aago 5:30 àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì á ṣí.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́