Bí ẹ ṣe máa jẹun ní búkà àdúgbò ní Áténì

Kypséli, Áténì, ilẹ̀ Gíríìsì
Oṣù Kẹjọ

Bùsọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí baba àwọn ọmọ, mo sì kí Màmá tí wọ́n ń bá yín bọ̀. O béèrè bí ẹ̀yin mẹ́rin ṣe máa jẹun níta tí owó ò ní tán lọ́wọ́ yín. Fọkàn balẹ̀. Ní búkà àdúgbò níbí, oúnjẹ tó dùn jù ló sábà máa ń dínwó jù.

Taverna ni wọ́n ń pe búkà bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́sẹ̀ òkè Acropolis (ibi tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wọn), tí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń pe èrò wọlé, ẹ kọjá lára rẹ̀. Inú àdúgbò ni kí ẹ wọ̀, níbi tí wọ́n ti fi bébà bo tábìlì, tí wọ́n sì há a mọ́ etí tábìlì kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Tí ẹ bá rí àwọn àgbàlagbà àdúgbò tí wọ́n ń jẹun níbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ wá àga.

Lẹ́tà inú mẹ́nù wọn lè kọ́kọ́ rú ọ lójú, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá kan á là á fún ọ. Ṣé o mọ Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bí sí Áténì yìí lọ́dún 1994? Adétòkunbọ̀ lorúkọ ìdílé wọn. Àwọn Gíríìkì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún "d" àti "b" wa. ντ ("n" àti "t") ni wọ́n fi ń kọ "d", μπ ("m" àti "p") ni wọ́n fi ń kọ "b". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ orúkọ náà, nígbà tí wọ́n sì fi lẹ́tà òyìnbó dà á kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ohun tí gbogbo ayé ń rí lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Nítorí náà, ντομάτα, domáta ni, tòmátì. Μπίρα, bíra ni, bíà. Μπάμιες, bámies ni, ilá!

Oúnjẹ wọn pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Μαγειρευτά, mayireftá, ni ohun tí wọ́n ti sè láàárọ̀ sínú àwo irin ńláńlá. Της ώρας, tis óras, ni ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan nígbà tí ẹ bá béèrè. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ fún, àgàgà λαδερά, laderá, ìyẹn ewébẹ̀ tí wọ́n fi òróró ólífì púpọ̀ sè. Láti àárọ̀ ló ti ń mu òróró náà. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, adùn ti wọ̀ ọ́ dénú. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e wá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má dá a padà pé kò gbóná.

Ilá yẹn á ya Màmá lẹ́nu, torí kì í yọ̀. Kéékèèké, tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gbẹ́ orí rẹ̀ yípo bí ẹni ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù, ọ̀bẹ kò sì gbọdọ̀ kan ibi tí kóró wà, torí ibẹ̀ ni yíyọ̀ ti ń jáde. Wọ́n á wọ́n iyọ̀ àti fínígà sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n á ṣàn án, kí wọ́n tó dà á sórí òróró, àlùbọ́sà àti tòmátì. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí pé à ń rò ó. Etí ìkòkò méjèèjì ni wọ́n á dì mú, wọ́n á mì í. Tí ṣíbí bá wọ inú rẹ̀, ilá á bẹ́, yíyọ̀ á sì dé. Tí wọ́n bá gbé e wá tó ti fọ́, tó ń fà, ẹni tó sè é kánjú ni. Odidi ló yẹ kó wà lórí àwo.

Bí ilá bá ti tán, ẹ béèrè yemistá, tòmátì àti tàtàṣé tí wọ́n kó ìrẹsì sí nínú, tàbí yígandes, ẹ̀wà funfun ńláńlá tí wọ́n fi tòmátì sè nínú ààrò. Ọ̀sán ni kí ẹ jẹ mousaká, ìyẹn ìgbá aláwọ̀ àlùkò àti ẹran lílọ̀, tí wọ́n da ọbẹ̀ funfun oníwàrà lé lórí. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò máa ń wó lórí àwo. Èyí tó ti sinmi díẹ̀, tó dúró bíi búlọ́ọ̀kù, ló dáa. Ti alẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n tún gbóná, etí rẹ̀ á gbẹ, àárín rẹ̀ á tutù.

Ẹ má béèrè àwo kan fún ẹnì kan. Àárín tábìlì ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ sí. Fún ẹ̀yin mẹ́rin: saláàdì horiátiki kan (tòmátì, kùkúḿbà àti wàràkàṣì feta), nǹkan bíi 8 yúrò, tzatziki kan (yógọ́ọ̀tì pẹ̀lú kùkúḿbà àti áyù), 4, laderá méjì, 14, ẹran kan, 12, ànàmọ́ òyìnbó díńdín, 4, búrẹ́dì, 3, ìdajì lítà wáìnì, 5. Ó di bíi 50 yúrò, ẹ sì máa yó. Bí oúnjẹ bá ṣe ń jinná ni wọ́n ń gbé e wá, torí náà ẹ má retí pé kí gbogbo rẹ̀ dé pọ̀.

Ibi tí owó ti ń jò ni ẹja. Tí ẹ bá rí 60 yúrò níwájú ẹja, iye kílò kan ni. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó yan án, torí ẹja kan tó wọn 700 gíráàmù ti di 42 yúrò. Sàdíìnì àti gávros, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní àwo, ni kí ẹ máa jẹ. Àmì ìràwọ̀ kékeré tàbí κατ. lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ túmọ̀ sí pé inú yìnyín ló ti jáde. Búrẹ́dì tí ẹ kò béèrè, tí wọ́n bá gbé e wá, owó wà lórí rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ kíákíá. Kílò ni wọ́n fi ń wọn wáìnì inú àgbá, χύμα: kílò kan, lítà kan, misókilo, ìdajì lítà.

Baba àwọn ọmọ máa wá ata. Oúnjẹ wọn kì í ta, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè boúkovo, ata gígún gbígbẹ ni wọ́n máa gbé wá. Inú wọn á sì dùn sí patsás, ọbẹ̀ ṣàkì tí wọ́n ń fi fínígà aláàyù jẹ lóru.

Wọn kò ní mú bíìlì wá títí ẹ ó fi béèrè: "To logariasmó, parakaló." Ẹ gba rìsíìtì, torí òfin wọn ni pé ẹni tí wọn kò fún ní rìsíìtì kò jẹ wọ́n lówó. Ó wà ní kíkọ sínú mẹ́nù.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sọ fún mi bóyá dókítà ṣì ń ní kí Màmá yàgò fún iyọ̀. Omi iyọ̀ ni wàràkàṣì feta orí horiátiki ń gbé, ó sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, hórta ni kí wọ́n máa jẹ, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ pẹ̀lú òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kí o sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé "horís aláti", láìsí iyọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́