Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ́ jà fún àgbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí gbogbo ariwo tẹ́ ẹ ń pa lórí fóònù nípa ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀, ó dùn mọ́ mi o, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti tíṣà kan fún yín. Jian Ji lórúkọ ẹ̀, ọmọ Fengshan ní Táíwàn, wọ́n bí i ní 1903, àwọn Jàpáàn ló ń ṣèjọba lé wọn lórí nígbà yẹn.

Tíṣà ni, owó oṣù ń wọlé. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́, tí wọ́n bá ti jáde níléèwé, iṣẹ́ oko ló kàn, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu kí wọ́n tó dé kíláàsì, àwọn míì ò tiẹ̀ wá mọ́ torí kò sówó. Ó ní olè owó oṣù lòun. Hmm. Èmi náà ṣe tíṣà títí mo fi rẹtáyà, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Ó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àtàwọn àgbẹ̀ Fengshan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1925, nígbà tó di 1926 wọ́n dá ti gbogbo Táíwàn sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì padà lé ní 20,000.

Kí ló ń bí wọn nínú? Ìrèké ni. Ìjọba ti pín ilẹ̀ fún àwọn kọ́ńpìnnì ṣúgà, kọ́ńpìnnì tó bá ni àdúgbò ẹ nìkan lo lè ta ìrèké fún, òun ló máa dá iye lé e, òun náà ló ni òṣùwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń sọ pé òmùgọ̀ nọ́ńbà wáànù lẹni tó gbin ìrèké fún kọ́ńpìnnì wọ̀n.

Ní 1927 ó wọkọ̀ òkun dé Tokyo ní Jàpáàn lọ bẹ ilé aṣòfin wọn torí àwọn àgbẹ̀, wọn ò dá a lóhùn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi san án fún un, ẹ̀ẹ̀mejì, ìkejì jẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Jàpáàn lọ, ìjọba míì dé láti Ṣáínà, ìyẹn náà ò fẹ́ràn àwọn Kọ́múníìsì, Jian Ji sì wà lára wọn, ni wọ́n bá yìnbọn pa á ní Taipei, ní March 1951.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo yìí, ta ló ti bá àgbẹ̀ kan dúró nídìí òṣùwọ̀n rí nínú yín?